Akoto Kan Ṣẹ́kù Lórí Ìṣó

Akoto kan ṣẹ́kù lórí ìṣó, kò sì sí orí tí yóò dé e.

Afinimọ̀nà wo akoto náà, ó wo àwọn èrò tó kó wá, ó tún wo akoto náà. Iye èrò tó wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ gan-an ni olùṣọ́ ilé olódi àtijọ́ yìí kó akoto kọ́ fún, torí òkúta wẹ́wẹ́ máa ń já bọ́ nínú ihò tí àwọn ọmọ ogun ayé ọjọ́un gbẹ́ sábẹ́ ilé náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ láìdé nǹkan sórí. Gbogbo èrò ti dé tiwọn tán. Ẹyọ kan yìí ń mì jẹ́jẹ́ nínú atẹ́gùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò sí láàrin wa?”

Nọ́ọ̀sì kan tó dúró níwájú yíjú wo ọ̀tún, ó yíjú wo òsì. Ojú rẹ̀ yí padà. “Bàbá mi dà?”

Kó tó sọ ọ́ tán, dírẹ́bà ti ń sáré bọ̀ láti ibi tó gbé bọ́ọ̀sì sí, fìlà aláwọ̀ ìyeyè kan lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n pín fún gbogbo èrò láàárọ̀. “Fìlà Bàbá rèé o! Mo bá a nínú ọkọ̀, mi ò bá Bàbá!”

Etí ọ̀gbun ni ilé olódi náà wà. Kì í ṣe ọ̀gbun ṣeréṣeré. Bí èèyàn bá ju òkúta sínú rẹ̀, á dúró títí, kò ní gbọ́ ìgbà tó balẹ̀. Kùrukùru ló kún ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó funfun, ó rọ̀, bíi pé èèyàn lè tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ kó sùn. Gbogbo ojú lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ó gbọ́dọ̀ jẹun,” ni nọ́ọ̀sì ń wí, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. “Àtọ̀gbẹ ń bá a jà. Mo ti gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀. Bí kò bá rí oúnjẹ jẹ lé abẹ́rẹ́ yẹn lórí, ara rẹ̀ á kàn máa tutù lọ ni, á sùn, kò sì ní jí mọ́. Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi wá bàbá mi kílẹ̀ tó ṣú!”

*

Ẹnì kan wà tí kò sáré káàkiri bíi tàwọn yòókù. Orí ìbọn àgbá kan tó ti dípẹtà ló jókòó sí, ó sì di ojú méjèèjì.

Ìyá Olóorun ni ìnagijẹ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fún un, torí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, bí afurasí bá ń rojọ́, ńṣe ni ìyá yìí máa ń dijú bí ẹni tó ń tòògbé. Ọ̀pọ̀ olè ló rò pé ìyá ti sùn lọ, tí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn kó bá ara wọn. “Ojú ni mo dì,” á ní, “mi ò di etí.” Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kó bá bọ́ọ̀sì àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́ lọ, kó lọ wo àwọn ibi àtijọ́ lójú pópó, kó sinmi ọpọlọ. Ìsinmi ọ̀hún rèé!

Láti àárọ̀ ni ọjọ́ náà ti ń ṣe é bí àlá. Wọ́n kọ́kọ́ dúró ní ẹnubodè ìlú kan tí kò sí mọ́. Bíríkì pupa ẹnubodè nìkan ló dúró, ẹyẹ ń gba ibi tí ọba ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ibi ẹja. Ẹja sìmẹ́ǹtì ńlá kan ni, tí ẹnì kan mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní àárín pápá gbígbẹ, níbi tí kò sí odò, tí kò sí ilé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń wòkè. Wọ́n ya fọ́tò níbẹ̀. Wọ́n tún dé ibùdókọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ti pa tì, igi ti hù gba inú ihò èéfín ọkọ̀ ojú irin kan jáde, ó sì tún so èso. Láàárín ẹja àti ibùdókọ̀ yẹn, oorun gbé Ìyá Olóorun lọ. Ó tilẹ̀ lálàá. Ó rí ọkùnrin arúgbó kan lábẹ́ lẹbẹ ẹja náà, tó gbọ́wọ́ sókè sí bọ́ọ̀sì, tó ń kéré lọ, tó ń kéré lọ.

Àlá yẹn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀, kò sì mọ ohun tó fà á.

*

Ọ̀gá ọlọ́pàá dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ àti okùn gígùn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì mọ àṣẹ pa dáadáa.

“Ẹ ta okùn sínú ọ̀gbun! Dírẹ́bà, ìwọ, dúró sọ́dọ̀ mi níbí. Ìwọ lo mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ìwọ àti bàbá náà tahùn síra yín láàárọ̀.”

“Ọ̀gá, ó ní kí n dín eré kù. Mo ní kó wá wa ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa ti bàbá ẹni bàbá sí ọ̀gbun?”

“Èmi kọ́ lo máa bi ní ìbéèrè.”

Ọlọ́pàá kan figbe ta létí ọ̀gbun. Ó gbé sálúbàtà aláwọ kan sókè. Nọ́ọ̀sì sáré síbẹ̀. “Ti Bàbá mi ni! Irú èyí ló wọ̀!”

“Gbé e wá kí n rí i,” ni ohùn kan wí láti orí ìbọn àgbá.

Ìyá Olóorun la ojú kan. Ó yí sálúbàtà náà padà, ó yọjú wo inú rẹ̀. “Aláǹtakùn ti kọ́lé síbí, ó ti yé ẹyin, ó ti pa á. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé àárọ̀ yìí ni aláǹtakùn wá háyà sálúbàtà Bàbá ni?”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba là ń ṣe níbí.”

“Iṣẹ́ ìjọba lèmi náà ṣe tí orí mi fi funfun. Ẹ máa fa okùn yín, mi ò dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bi àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ kan méjì.” Ó tún dijú. “Dírẹ́bà, ibo lo ti rí Bàbá gbẹ̀yìn?”

“Ní ibùdókọ̀ ojú irin, mà. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Èmi náà ò sọ̀ kalẹ̀. Mò ń rí i nínú dígí.”

“Kí lò ń rí nínú dígí?”

“Bàbá ni, mà.”

“Mo ní kí lò ń rí? Imú ni? Irùngbọ̀n ni?”

Dírẹ́bà ha orí. “Fìlà ni o. Ìjókòó wa ga, mà. Fìlà nìkan ló máa ń yọ lókè rẹ̀.”

“O ṣeun. Nígbà tóo wá lọ mú fìlà náà, orí ìjókòó lo ti bá a ni, àbí ilẹ̀?”

“Rárá o. Orí ibi tí wọ́n ń gbé orí lé ló wà. Wọ́n fà á wálẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tó wà lórí èèyàn. Mo tilẹ̀ ní láti fagbára yọ ọ́.”

Ìyá Olóorun mi orí díẹ̀díẹ̀. “Afinimọ̀nà ọmọ mi, bí a bá kúrò níbì kan, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé èrò rẹ pé?”

“Mo máa ń dúró níwájú ọkọ̀ kí n kà wọ́n ni, mà. Ìdí tí a fi ń pín fìlà nìyẹn, kó lè rọrùn. Màá kàn ka fìlà...” Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Mo kú! Fìlà ni mò ń kà. Mi ò ka èèyàn.”

*

Kò sí ọlọ́pàá tó ń wo inú ọ̀gbun mọ́. Gbogbo wọn ti rọ́ wá síbi ìbọn àgbá, àfi àwọn tó di okùn mú. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

“Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn?”

“Lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Mo na búrẹ́dì sí i, mo ní, ‘Bàbá, ẹ jẹun.’”

“Kí ló fi dá ọ lóhùn?”

“Kò fọhùn, mà.”

“Ṣé o yíjú wò ó?”

“Iwájú ni mo jókòó sí, ẹ̀yìn mi lòun wà. A ti jà, mà. Mò ń bá àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé kí wọ́n bá mi wá yàrá kan fún un. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò lè máa fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ó gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti di ẹnu. Mo wá rò pé inú ló ṣì ń bí i ni. Mo na búrẹ́dì sẹ́yìn, mo gbé e lé apá ìjókòó rẹ̀, mi ò...” Ó bú sẹ́kún. “Mi ò yíjú wò ó!”

“Dírẹ́bà, sáré lọ wo apá ìjókòó Bàbá.”

Dírẹ́bà sáré lọ, ó sáré bọ̀. Búrẹ́dì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá, wọn ò tíì tú ọ̀rá náà. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó dì í mọ́ àyà. Ìyẹn ni pé Bàbá kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ti rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá, ẹ fẹ́ sọ pé kò dé ibí rárá?”

“Fìlà rẹ̀ ló dé ibí. Ẹni tó bá gbàgbé fìlà, á fi í sílẹ̀ níbi tó bá já bọ́ sí. Ẹni tó fà á wálẹ̀ sórí ìjókòó kó má baà yẹ̀, ó fẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ láìwá òun. Dírẹ́bà ò kúrò nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, kò sì rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù. Lẹ́yìn ẹnubodè, ó ṣì fún mi lómi mu. Ó ku ibi ẹja.”

“Dírẹ́bà tí mo fura sí lẹ gbà gbọ́! Bó bá ń parọ́ ńkọ́? Bí mo bá kó ọkọ̀ àti nọ́ọ̀sì padà sẹ́yìn, tí bàbá náà sì wà nínú ọ̀gbun yìí, tó ń mí, ta ló máa tọ́jú rẹ̀? Ó ju wákàtí kan lọ dé ibi ẹja.”

Ìbéèrè gidi ni. Nọ́ọ̀sì wo ọ̀gbun, ó wo títì. Ìyá Olóorun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lọ síwájú adájọ́.

“Mo rí i,” ló wí. “Nígbà tí a kúrò níbi ẹja. Ó dúró lábẹ́ lẹbẹ rẹ̀, ó ń juwọ́ sí wa. Mo rò pé àlá ni.”

“Àlá!” Ọ̀gá ọlọ́pàá wo àwọn ọmọ rẹ̀. “Ìyá, ṣé àlá ni kí n fi wá èèyàn?”

“Ẹ fara balẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí Bàbá pẹ̀lú fìlà lórí. Kò ṣí i lójú mi rí. Bó bá jẹ́ pé mo lá a lálàá, irú èyí tí mo mọ̀ ni ǹ bá lá, tòun ti fìlà rẹ̀. Ẹni tí mo rí kò dé fìlà. Apárí ni, àárín orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, irun funfun sì yí i ká. Ọmọ mi, báwo ni orí bàbá rẹ ṣe rí?”

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè pẹ̀lú omijé. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà. Apárí ni. Ìtìjú rẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣí fìlà níta.”

Ìyá Olóorun fúnra rẹ̀ mí kanlẹ̀. Èmi tí mò ń fi oorun mú olè, ló rò nínú ara rẹ̀, mo wá rí òótọ́ kedere lójú fèrèsé, mo pè é lálàá.

“Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?” ni ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè. Kì í ṣe ohùn àtakò mọ́.

“Afinimọ̀nà, mú fọ́tò ẹja yẹn wá. Jẹ́ kó tóbi. Wo ìpẹ́ rẹ̀.”

Wọ́n kórí jọ sórí fóònù. Gbogbo ìpẹ́ ara ẹja náà ló rí roboto, ẹni tó mọ ọ́n ti nǹkan bọ sìmẹ́ǹtì tútù ni. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pé nínú wọn. Ibì kan ló ti já lára gbogbo wọn, kò ju èékánná ọmọdé lọ.

“Láàárọ̀, Bàbá fún mi lómi mu nínú kọ́ọ̀pù tánganran rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Etí kọ́ọ̀pù náà ya níbì kan, ó fẹ́ gé mi létè. Bàbá ní kí n máa rọra, pé kọ́ọ̀pù náà ti ju ọmọ òun lọ lọ́jọ́ orí.”

Nọ́ọ̀sì já fóònù náà gbà. “Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wa nìyí! Ibi gbogbo tí Bàbá mi bá rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyí, kẹ́sẹ̀ má baà yọ̀. Bíríkìlà ni kó tó di arúgbó. Kò sọ fún mi rí pé òun mọ ẹja.” Ó tún wo fọ́tò náà. “Màmá mi... Màmá mi tó ti kú máa ń sọ pé inú ẹja ni mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

Ó dìde, ó nu ojú. Òun ló kọ́kọ́ sáré lọ síbi ọkọ̀ ọlọ́pàá. “Ẹ fi àwọn tó di okùn sílẹ̀ síbí. Èmi ń lọ síbi ẹja.”

*

Ọ̀gá ọlọ́pàá àti Ìyá Olóorun bá nọ́ọ̀sì lọ nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n kọjá ibùdókọ̀ ojú irin, igi inú ọkọ̀ náà dúró nínú ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń retí èrò. Oòrùn ti wálẹ̀, pápá náà pọ́n, títì lọ tààrà títí ó fi wọnú èéfín. Nọ́ọ̀sì di búrẹ́dì àti ṣúgà tó tọrọ lọ́wọ́ olùṣọ́ mọ́ra. “Ǹ bá ti yíjú ni,” ó ń wí sábẹ́ ẹnu, “ǹ bá kàn yíjú.”

Ẹja náà yọ lókèèrè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ sí ọ̀run.

Kò sẹ́ni lábẹ́ lẹbẹ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fò jáde kí ọkọ̀ tó dúró. Ó yí ẹja náà po, ó ń pariwo, “Bàbá! Bàbá o!” Ó wá gun ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wọnú ẹnu rẹ̀ lọ.

“Ó wà níbí!”

Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri nínú ikùn ẹja, kọ́ọ̀pù rẹ̀ lórí itan. Ara rẹ̀ tutù, òógùn bò ó, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì da omi àti ṣúgà sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé orí apárí náà sí àyà, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Kò sọkún báyìí. Iṣẹ́ tó mọ̀ ló ń ṣe. Ọ̀gá ọlọ́pàá tan iná sí wọn, kò sì ráyè rántí pé bàtà òun ti kún fún erùpẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Bàbá lajú. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

“O padà wá.”

“Ẹ̀yin náà lẹ fi fìlà tàn wá! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ò pè mí, kẹ́ ẹ ní kí n wá wo ibí?”

“Mo pè ọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, mo ní, wá wo nǹkan. O ní ẹja sìmẹ́ǹtì lásán ni. O wà lórí fóònù.” Ó mu omi díẹ̀ sí i. “Mo wá ní kí n dúró ti ìyá rẹ díẹ̀. Oorun ló gbé mi lọ.”

Ó nawọ́ sí ògiri. Ọ̀gá ọlọ́pàá sún iná síbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ obìnrin kan wà nínú sìmẹ́ǹtì náà, ìka rẹ̀ tín-ín-rín. Lábẹ́ rẹ̀ ni ipa ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó wà.

“Òun ló di ẹsẹ̀ rẹ mú,” ni Bàbá wí. “Sìmẹ́ǹtì náà tutù, o ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín.”

Nọ́ọ̀sì gbé àtàǹpàkò sí gìgísẹ̀ ipa ẹsẹ̀ náà. Ó kún ibẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tìyá rẹ̀. Ó bá a mu régí, ó sì fi í síbẹ̀, kò mú un kúrò.

Fóònù dún nínú àpò rẹ̀.

“Gbé e,” ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n ń dúró dè ọ́.”

Ó fi ọwọ́ kejì gbé e. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ fi yàrá yẹn fún ẹlòmíì. Màá wá ẹni tí á máa dúró tì í bí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé.”

Níta, bọ́ọ̀sì ti dé. Afinimọ̀nà ń ka èrò lọ́tun, ó ń gbé ọwọ́ lé orí kọ̀ọ̀kan, ì báà dé fìlà, ì báà má dé e. Ìyá Olóorun fẹ̀yìn ti ìrù ẹja náà, ó dijú.

Ọ̀gá ọlọ́pàá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ìyá, ṣé ẹ ti sùn ni?”

“Ojú ni mo dì,” ló wí. Ṣùgbọ́n omi ń yọ lábẹ́ ojú tó dì náà, kò sì gbìyànjú láti nù ún.